Ìkòkò Kan fún Ẹni Méjì

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ kú àbọ̀. Ẹ̀yin tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ṣì ká mọ́ ojú ọ̀nà, ẹ kú ìrọ́jú. Ìyá tó ń ro ọkà lọ́wọ́, tó gbé rédíò sórí fèrèsé ilé ìdáná, ẹ kú ìdáná. Bàbá tó ti jókòó sí pálọ̀, tó ń retí kí wọ́n gbé oúnjẹ dé, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin gan-an ni mo bá wá lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ẹ má bínú sí mi. Ìgbà wo lẹ bá ìyàwó yín jẹun kẹ́yìn?

N kò ní ìgbà wo ló gbé oúnjẹ fún yín kẹ́yìn. Ìyẹn lè má ju àárọ̀ yìí lọ. N kò sì ní ìgbà wo lẹ jọ lọ sí òde ìnáwó, tí wọ́n gbé ìrẹsì síwájú kálukú. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé: ẹ̀yin méjèèjì, tábìlì kan, ìkòkò kan. Ìgbà wo ni?

Ẹ ń ronú. Ó dáa, ẹ máa rò ó lọ.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín náà.

Àwọn àgbà ní olóbẹ̀ ló lọkọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Gbogbo àwa obìnrin la gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá wa ká tó relé ọkọ. A kọ́ ọbẹ̀, a mọ ọbẹ̀ sè, a sì rí ọkọ fẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún wa bóyá olóbẹ̀ máa ń bá ọkọ jẹ ọbẹ̀ náà? Àbí wọ́n sọ fún ẹ̀yin? Nílé tèmi, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ mi, Bàbá Ìbejì, ń jẹun ní pálọ̀, wọ́n ń wo ìròyìn. Èmi ń jẹun ní ilé ìdáná, lórí ìdúró. Mo gbé abọ́ lé ọwọ́ kan, mo ń ro ọbẹ̀ ọ̀la pẹ̀lú ọwọ́ kejì. Ìjà kọ́ o. A fẹ́ràn ara wa. Bí ilé ṣe rí nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó bi ẹnikẹ́ni pé kí ló dé.

Ó di òkè òkun ká tó jọ jẹun nínú ìkòkò kan. Oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Bràsíl la lọ. Ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia. Àwọn ìbejì wa ló ra tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní bàbá àwọn ti fẹ̀yìn tì, kí àwa méjèèjì lọ gba atẹ́gùn. London ni Bàbá Ìbejì ń fẹ́. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rẹ́ wọn ń lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ya fọ́tò bọ̀. Èmi ni mo ní Bahia ni mo fẹ́.

Kí nìdí? Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí. Ẹ̀gbẹ́ Pópó Àgùdà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, láàárín ilé àwọn tó ti Bràsíl padà wálé. Aládùúgbò wa ń jẹ́ da Silva, èkejì ń jẹ́ Pereira, Yorùbá pọ́ńbélé sì ni wọ́n. Tó bá di Ọjọ́ Ẹtì Rere, ìyẹn kí Àjíǹde ó tó dé, gbogbo àdúgbò á máa ta sánsán. Frejon ni wọ́n ń sè. Ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ kúná, tí wọ́n fi omi àgbọn sè, tí wọ́n fi ọbẹ̀ ẹja jẹ. Láti kékeré ló ti wù mí kí n mọ ilé tí òórùn yẹn ti wá.

Ọmọ Òṣogbo ni Bàbá Ìbejì. Wọ́n ní, "Àgbọn nínú ẹ̀wà? Kí ni ẹ̀wà fi ṣẹ̀ yín l'Ékòó?" Síbẹ̀síbẹ̀, wọ́n tẹ̀lé mi.

Ọjọ́ Ẹtì la jáde lọ jẹun. Ẹ fi ọjọ́ náà sọ́kàn. Ní Salvador, Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ aṣọ funfun. Ọjọ́ Òrìṣà Ńlá ni, Oxalá ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ẹ ó rí òṣìṣẹ́ báńkì nínú aṣọ funfun. Ẹ ó rí awakọ̀ nínú aṣọ funfun. Ẹ ó rí ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, funfun ló wọ̀. Ọjọ́ Ẹtì náà sì ni ọjọ́ oúnjẹ elépo. Epo wo? Epo pupa ni o, ẹ̀yin èèyàn mi! Epo ọ̀pẹ. Dendê lorúkọ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ ilé àti ilé oúnjẹ ló ń fi í sè lọ́jọ́ yẹn.

Pelourinho ni àdúgbò tí a lọ. Ilé aláwọ̀ mèremère ló kún ibẹ̀, òkúta ni wọ́n tẹ́ sójú títì, ọ̀nà ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ó wu ojú í wò. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni òpó kan wà láyé àtijọ́, tí wọ́n ń so ẹrú mọ́, tí wọ́n ń nà án lójú gbogbo ayé. Àwọn Potogí ló tẹ ìlú náà dó ní 1549. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ nílẹ̀ Ọ̀yọ́, àwọn èèyàn wa pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó kọjá òkun lọ síbẹ̀. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n. Ó di 1888 kí Bràsíl tó fòpin sí oko ẹrú. Bàbá Ìbejì ṣí fìlà nígbà tí wọ́n gbọ́ ìtàn òpó náà. Èmi kò lè sọ̀rọ̀.

Ní igun ọ̀nà, ìyá kan jókòó ti agbada epo. Aṣọ funfun olójú wínníwínní, gèlè funfun, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn rẹpẹtẹ. Kí ló ń dín? Ẹ̀wà tí wọ́n bó, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n po àlùbọ́sà àti iyọ̀ mọ́. Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Àkàrà ni. Acarajé ni wọ́n ń kọ sára páálí, ṣùgbọ́n ojú kì í purọ́ fún ọmọ Yorùbá. Tiwọn tóbi, ó kún ọwọ́. Ìyá náà la ọ̀kan sí méjì, ó fi vatapá sínú, ìyẹn búrẹ́dì, edé, ẹ̀pà àti omi àgbọn tí wọ́n jọ rò pọ̀. Ó fi ilá sí i. Ó fi edé gbígbẹ sí i. Ó wá gbé ṣíbí ata sókè, ó wo ojú wa bóyá a ó gbà tàbí a ó kọ̀. Bàbá Ìbejì ní, "Bù ú sí i jàre!" Kò gbọ́ Yorùbá, ó bu ata.

Ẹ má fojú kéré àwọn ìyá wọ̀nyẹn. Ìjọba Bràsíl ti kọ iṣẹ́ wọn sínú ìwé àjogúnbá orílẹ̀-èdè láti 2005. Nígbà tí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti 2014 ń bọ̀, àwọn tó ń ṣètò ìdíje náà fẹ́ lé wọn jìnnà sí pápá ìṣeré. Àwọn ìyá náà fárí gá, wọ́n sì rí àyè wọlé tà. Àwọn ọmọ ìjọ kan wà tó jẹ́ pé, nítorí pé oúnjẹ Ọya ni àkàrà lójú àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí àkàrà Jésù kí àwọn lè rí i tà. Ẹ gbọ́ mi, àkàrà náà kò mọ ohun tó ń lọ. Ó kàn ń dùn lọ ni.

Mo ti ń yà kúrò lọ́nà. Àkàrà kọ́ ni mo wá sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò, tọkọtaya tó jọ jẹun nínú ìkòkò kan là ń sọ. Èmi àti Bàbá Ìbejì, nílé oúnjẹ kan ní Bahia.

Ilé oúnjẹ náà kò tóbi. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ilẹ̀ onípákó, fèrèsé ńlá tó kọjú sí títì. A jókòó. Ọmọbìnrin kan gbé ìwé oúnjẹ wá. Potogí ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀. Mo ti bi àwọn ìbejì léèrè kí a tó kúrò nílé, wọ́n ní moqueca ni kí n bèèrè. Mo fi ìka tọ́ ọ. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó na ìka méjì sókè. Ó tọ́ka sí mi, ó tọ́ka sí Bàbá Ìbejì. Ó wá na ìka kan ṣoṣo.

Bàbá Ìbejì ní, "Ìyá Ìbejì, kí ló ń wí?"

Mo ní, "Ó ní ìkòkò kan, ẹni méjì."

Wọ́n ní, "Sọ fún un kó gbé tèmi wá lọ́tọ̀."

Mo ní, "Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́. Ṣé Potogí ni wọ́n fi bí mi ni?"

Bí wọ́n ṣe ń tà á níbẹ̀ nìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ Bahia, ẹni méjì ni wọ́n ń se moqueca fún. Ẹni tó bá dá wá, àfi kó wá ẹni tí yóò bá a jẹ ẹ́, tàbí kó gbé ìyókù lọ sílé. Wọn kò bi yín bóyá ẹ ń jẹ nínú abọ́ kan nílé yín. Wọn kò bi yín ta ni baálé. Ìkòkò kan, ẹni méjì, ó parí.

Ó pẹ́ díẹ̀, oúnjẹ dé. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi wò ó. Ìṣaasùn ni! Ìṣaasùn amọ̀, dúdú kirikiri, irú èyí tí ìyá ìyá mi fi ń se ọbẹ̀. Ó ṣì ń hó nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀, ó ń dún púkẹ́-púkẹ́. Epo pupa léfòó sójú rẹ̀. Àlùbọ́sà, tòmátì àti tàtàsé tí wọ́n gé róbótó-róbótó bo ẹja mọ́lẹ̀. Ẹja ńlá, ègé gbàǹgbà-gbàǹgbà. Omi àgbọn ni wọ́n fi sè é. Ewé tútù kan wà lórí rẹ̀ tí òórùn rẹ̀ ń ta kọjá tábìlì wa. Wọ́n gbé ìrẹsì funfun tì í. Wọ́n gbé gàrí tí wọ́n fi epo yan tì í, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Wọ́n tún gbé abọ́ kan tí mo kọ́kọ́ rò pé ògì ni.

Bàbá Ìbejì fi ṣíbí kan tọ́ ọ wò. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n tún tọ́ ọ wò. Wọ́n pariwo: "Ìyá Ìbejì! Ẹ̀bà rèé!"

Ẹ̀bà ni lóòótọ́. Omi ẹja ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ dípò omi gbígbóná lásán, ó sì rọ̀ ju tiwa lọ. Pirão ni wọ́n ń pè é. Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ èyí: ilẹ̀ Amẹ́ríkà apá gúúsù lọ́hùn-ún ni ẹ̀gẹ́ ti ṣẹ̀ wá. Àwọn Potogí ló gbé e dé etí òkun wa. Àwọn òpìtàn sì ní àwọn Àgùdà tó padà wálé wà lára àwọn tó jẹ́ kí gàrí ṣíṣe tàn kálẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Epo lọ, ẹ̀gẹ́ bọ̀. Àwọn méjèèjì wá pàdé lórí tábìlì wa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ó wá ku ẹni tí yóò kọ́kọ́ bu oúnjẹ.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ mọ̀ ọ́n nílé yín. Orí ẹja, ti baálé ni. Ègé tó tóbi jù, ti baálé ni. Obìnrin ló ń bù ú, ọkùnrin ló ń jẹ ẹ́. Mo na ọwọ́ sí ṣíbí ńlá bí mo ṣe máa ń ṣe. Bàbá Ìbejì ti mú un. Wọ́n wa ìsàlẹ̀ ìṣaasùn, wọ́n bu ègé kan, wọ́n gbé e sórí àwo tèmi. Wọ́n tún fi fọ́ọ̀kì yọ egungun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò wọ́n sétí àwo tiwọn. Mo gbójú sókè.

Wọ́n ní, "Kí lò ń wò?"

Mo ní kò sí nǹkan.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé? Ẹni tí mo ti ń gbé oúnjẹ fún láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa ló bu oúnjẹ fún mi yẹn. Ṣé ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ti rí irú rẹ̀ rí? Ẹ má purọ́ o.

Nígbà tí oúnjẹ ń lọ, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìròyìn kò sí. Fóònù àwa méjèèjì wà nínú báàgì. Kò sí ọmọ tó ń pe màmá. Bàbá Ìbejì wo ìṣaasùn náà, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, "O mọ̀ pé n kì í fẹ́ bá èèyàn jẹ nínú abọ́ kan?"

Mo ní mo mọ̀. Ta ni kò mọ̀?

Wọ́n ní, "O kò mọ ìdí rẹ̀. Abọ́ kan ni gbogbo àwa ọmọ ilé fi ń jẹun l'Óṣogbo. Èmi ni àbíkẹ́yìn. Èmi ni mo ń di abọ́ mú kó má yẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi á kọ́kọ́ mú ẹran. Kó tó kàn mí, egungun ló ń kù. Èmi náà ni mo ń fọ abọ́. Mo wá sọ fún ara mi pé lọ́jọ́ tí mo bá ní ilé tèmi, abọ́ tèmi á dá wà. Ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án."

Ẹ gbọ́ o. Ìyá mi ti ní ìwà ọkùnrin ni. Àǹtí mi ti ní ìgbéraga ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ ṣàdúrà sí i. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ kékeré kan l'Óṣogbo ni, tí ẹran kò kàn. A ti bímọ, a ti kọ́lé, a ti sin òbí, èmi kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí. Ibo ni n bá ti gbọ́ ọ? Wọ́n ń jẹun ní pálọ̀, èmi wà ní ilé ìdáná.

Ìdí tí mo fi ń pariwo lónìí nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, ohun tí mo ń sọ kò le. Olóbẹ̀ ló lọkọ, ó dáa. Kí olóbẹ̀ jókòó ti ọkọ, kí wọ́n jọ jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ wà nídìí ìkòkò tí kì í jáde nínú yàrá, tí kì í jáde nínú ìpàdé ẹbí.

Ẹ jẹ́ kí n parí ti Bahia ná.

Àgbà obìnrin kan jáde láti ilé ìdáná. Òun ló se oúnjẹ. Aṣọ funfun ló wọ̀ nítorí ọjọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lórí tábìlì kejì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń bá wa túmọ̀. Obìnrin náà bèèrè ibi tí a ti wá. A ní Nàìjíríà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ: Kétu, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀ṣà. Bàbá Ìbejì ń dá a lóhùn, "A wà ńbẹ̀! A wà ńbẹ̀!" Ó bèèrè bóyá a bímọ. Mo ní ìbejì ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kò tíì túmọ̀ rẹ̀ tí obìnrin náà ti dì mọ́ mi. Kò nílò ògbufọ̀ fún ìyẹn.

Ó ní kí n wá rí wọn ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án. Ọjọ́ Cosme àti Damião ni, àwọn ẹni mímọ́ ìjọ Àgùdà tí wọ́n jẹ́ ìbejì. Àwọn èèyàn wa tó wà lóko ẹrú so ìbejì tiwọn mọ́ wọn, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ dòní. Lọ́jọ́ náà, wọ́n ń se caruru. Ilá ni, wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n fi edé, ẹ̀pà àti epo pupa sè é. Àwa ń se ẹ̀wà fún ìbejì, àwọn ń se ilá. Ta ló ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́? Ọmọdé méje. Wọ́n á tẹ́ ẹní, wọ́n á gbé ọpọ́n ńlá kan sáàárín, àwọn ọmọ méjèèje á yí i ká, wọ́n á fi ọwọ́ jẹ ẹ́. Kò sí àgbà tó gbọdọ̀ fi ẹnu kàn án kí wọ́n tó yó.

Nígbà tí wọ́n túmọ̀ ìyẹn tán, Bàbá Ìbejì pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní, "Ọmọdé ló ń kọ́kọ́ jẹun! Ìyá Ìbejì, ì bá ṣe pé ibí ni wọ́n bí mi sí!"

Gbogbo ilé oúnjẹ náà rẹ́rìn-ín, títí kan àwọn tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n wí.

Ohun tó wá wọ̀ mí lára jù ni èyí. Láyé oko ẹrú, tọkọtaya kò ní àṣẹ lórí ara wọn. Wọ́n lè ta ọkọ sí oko kan, kí wọ́n ta ìyàwó sí òmíràn. Ta ló fẹ́ bá ta jẹun? Àwọn obìnrin ló gbé agbọ̀n rù, wọ́n ń kiri oúnjẹ ní ìgboro Salvador. Wọ́n ń mú owó wá fún ẹni tó ni wọ́n, wọ́n sì ń fi díẹ̀ pamọ́. Àwọn mìíràn nínú wọn fi owó yẹn ra òmìnira ara wọn. Àwọn mìíràn ra ti ọmọ wọn, àwọn mìíràn ra ti ọkọ wọn. Olóbẹ̀ ló lọkọ! Lọ́dọ̀ tiwọn, owó oúnjẹ ló ra ọkọ padà. Lẹ́yìn rògbòdìyàn 1835, tí àwọn Mùsùlùmí tó jẹ́ Nàgó dìde nínú ìlú náà, ìjọba fúngun mọ́ àwọn dúdú gidigidi. Ọ̀pọ̀ kó ẹrù, wọ́n gba ojú òkun padà. Àwọn kan dé Wídà, àwọn kan dé Èkó. Àwọn ló kọ́ Pópó Àgùdà. Àwọn ló gbé òórùn àgbọn yẹn dé ẹ̀gbẹ́ ilé wa.

Ó dáa. A ti darí wálé. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ bi mí. Ṣé Bàbá Ìbejì ti yí padà?

Ẹ má rò pé wọ́n ti di áńgẹ́lì. Tí bọ́ọ̀lù bá wà, ẹ má wá wọn wá ìdí tábìlì. Tí àlejò bá wà, a ṣì ń ṣe bí ará ilẹ̀ wa ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n Ọjọ́ Ẹtì, tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìṣaasùn kan ló ń jáde. Mo máa ń se ẹja, mo sì máa ń fún omi àgbọn sí i. Bàbá Ìbejì ń sọ pé àgbọn yẹn ti pọ̀ jù, wọ́n sì ń lá ṣíbí.

Àwọn kan á ní, "Ojú àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé kí wọ́n máa rí i pé ìyá wọn ń bá bàbá wọn du ẹja?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i. Àwọn kan á ní ìyá ọkọ kò ní gbà. Ìyá ọkọ tó bá rí ọmọ rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín nídìí oúnjẹ, kí ni yóò bínú sí? Ẹlòmíràn á ní owó kò sí, pé ẹja ńlá wọ́n lójú ọjà. Mo gbà. Àmọ́ ṣé ẹja ni mo ní kẹ́ ẹ rà? Ẹ̀wà á ṣe é. Gàrí àti ẹ̀pà á ṣe é. Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ni í, àbí?

Ẹ̀yin ìyá, ó wá kàn yín. Mo mọ̀ wá. Ẹran tí a ti tọ́ wò ní ilé ìdáná ti tó oúnjẹ alẹ́! Ìdí rèé tí a fi ń sọ pé "ẹ máa jẹ tiyín, n ó jẹ tèmi tó bá yá." Ẹ fi ẹran náà sílẹ̀ nínú ọbẹ̀. Ẹ bọ́ aṣọ ìdáná. Ẹ wá jókòó. Tí ọkọ bá ṣe bí ẹni pé ojú ń tì í, ẹ má bá a jà, ẹ kàn fún un ní ṣíbí ńlá.

Àkókò ti ń lọ, ẹni tó ń darí ẹ̀rọ ti ń wò mí. Ẹ̀yin ará Pópó Àgùdà àti Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ̀yin ará Wídà àti Pọ́tọ̀-Nófò tí ẹ ń gbọ́ wa, mo ní iṣẹ́ kan fún yín. Ẹ bi ìyá àgbà yín bí wọ́n ṣe ń se frejon nílé yín. Ṣé wọ́n ń fi ṣúgà sí i, àbí iyọ̀ nìkan? Ẹja wo ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, n ó kà á lórí afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin tọkọtaya tí ẹ bá sì jọ jẹun láàárín àkókò yẹn, ẹ kọ̀wé ẹ sọ fún wa ta ló kọ́kọ́ mú ṣíbí. Ire o.